Lẹ́tà Ṣíṣí sí Sẹ́nétì Àwọn Fásitì Wa: Ẹ Ṣílẹ̀kùn Iṣẹ́ Àwọn Tó Ṣáájú fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin gíwá fásitì, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti olórí ẹ̀ka tí ẹ jọ ń jókòó nínú Sẹ́nétì ní àwọn fásitì ilẹ̀ Yorùbá,

 

Ọ̀rọ̀ Orí Kejì ni mo bá wá. Ṣàṣà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè àkọ́kọ́ láìkọ pírójẹ́ẹ̀tì, Orí Kejì nínú pírójẹ́ẹ̀tì náà sì ni ọmọ ti máa ń gbé iṣẹ́ àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀ yẹ̀ wò: ẹni tó wí báyìí, ọdún tó wí i, ojú ewé tó wà, àti ibi tí ọmọ náà gbà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí tí kò gbà. Láíbírì fásitì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni àwọn ọmọ yìí sì ń wá bá nígbà tí àkókò bá ti há. Ohun tí mò ń rí ń bà mí nínú jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń tọ́ka sí ìwé tí wọn kò fojú kàn rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ọmọ tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà láíbírì kí a tó ṣí i láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Òfin tí àwa àgbà ṣe àti ilẹ̀kùn tí àwa àgbà tì ló gbé wọn débẹ̀. Sẹ́nétì ló ní àṣẹ láti yí òfin padà àti láti ṣílẹ̀kùn, ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n máa bá àwọn ọmọ wí.

Òfin tí mo ní lọ́kàn ni òfin ọdún márùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, wọ́n á sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwé tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, tàbí ọdún mẹ́wàá níbi tí alábòójútó bá ti láàánú, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìtọ́kasí rẹ̀. Mo mọ ibi tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá, mi ò sì bá a jà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí oògùn ibà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn oníṣègùn rí lọ́dún tó kọjá, nítorí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti yí padà pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń kọ̀wé nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n òfin yìí ti kúrò lágbègbè rẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀ka ìtàn, ó ti wọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ó ti wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ó sì ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ kọ̀wé lórí ìjálá. Ìwé S. A. Babalọlá lórí ìjálá jáde ní 1966. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ ìjálá ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kó má kan ìwé yẹn. Ọdún yẹn kan náà ni gírámà Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ jáde ní Cambridge; ti Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1978, ohùn àwọn méjèèjì kò sì ṣọ̀kan lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń jiyàn títí dòní lórí ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ní èdè Yorùbá, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ kà. Wándé Abímbọ́lá gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá jáde ní 1976. Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ tirẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn ní 1984. Karin Barber, tó bá àwọn ará Òkukù gbé, gbé tirẹ̀ lórí oríkì jáde ní 1991. Bí a bá fi òfin ọdún márùn-ún yọ́ wọn wò, kò sí ọ̀kan tó máa yege.

Kí ni ọmọ náà máa wá ṣe? Á wá àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n tẹ̀ ní àìpẹ́ yìí, tí ẹni tó kọ ọ́ ti tọ́ka sí Babalọlá. Á mú gbólóhùn Babalọlá níbẹ̀, á sì fi orúkọ ẹni àìpẹ́ yìí tì í lẹ́yìn, kí ọdún rẹ̀ lè bá òfin mu. Bí ó bá di ọdún mẹ́ta sí i, ọmọ mìíràn á mú un lọ́wọ́ ti ọmọ yìí. Babalọlá ti jáde nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ọdẹ kó tó lè ṣe é á wá máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn nínú ìwé tí a bu ọwọ́ lù, a ó sì ti fún ọmọ ní máàkì lé e lórí.

Ti Samuel Johnson ló tún dùn mí jù. Ní 1897 ni àlùfáà yẹn parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó gbà á. Johnson kú ní 1901 láìrí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, tó tún un kọ, 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ẹni tó bá máa kọ̀wé lórí ogun Kírìjì tàbí lórí bí Ọ̀yọ́ Ilé ṣe tú gbọ́dọ̀ bá Johnson sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ láti já a nírọ́. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló ti sọ pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú ṣe máa rí ibi tí Johnson ti gbè sápá kan bí a kò bá jẹ́ kó kà á? Ìwé tó sọnù, tí wọ́n tún kọ, tó dúró de òǹtẹ̀wé fún ọdún mẹ́rìnlélógún, òfin ẹ̀ka wa ló wá ń lé e síta.

Nítorí náà, mo bẹ Sẹ́nétì kí ó pa òfin yìí rẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin gbogbo fásitì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó yẹ ìmọ̀ tirẹ̀. Alábòójútó tó bá bi ọmọ pé ta ló kọ́kọ́ sọ èyí, ta ló sì sọ ọ́ kẹ́yìn, ti ṣe ju òfin ọdún márùn-ún lọ.

Ilẹ̀kùn tí a tì ńkọ́? Mo fẹ́ kí ẹ ní sùúrù fún mi níbi tí mo dé yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Lọ́dọọdún, ọmọ kọ̀ọ̀kan á lọ di pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní páálí líle, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Òbí ló ń sanwó rẹ̀, owó náà kò sì kéré. Ẹ̀dà kan á lọ sí ẹ̀ka, òmíràn á lọ sọ́dọ̀ alábòójútó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Wọ́n á tò ó sí igun ọ́fíìsì, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ tábìlì, nínú yàrá tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ikán á dé, eruku á dé. Ní fásitì kan, mo rí èyí tí wọ́n kó síta nítorí pé wọ́n fẹ́ kun ọ́fíìsì, òjò sì rọ̀ lé e lórí. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mo ṣí díẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ẹkún ìyàwó tí ọmọbìnrin kan gbà sílẹ̀ ní abúlé ìyá rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìyá tó sun ún fún un àti ọjọ́ orí wọn. Bí ẹ bá wo ọjọ́ orí tó kọ síbẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé a kò lè bá àwọn ìyá yẹn láyé mọ́.

Ohun tó wà nínú pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ọmọ kan á lọ bá àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, á kọ orúkọ gbogbo ohun èlò òfì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Òmíràn á lọ bá àwọn aláró ní Òṣogbo. Òmíràn á kọ orúkọ ewé àti àgbo tí ìyá àgbà tirẹ̀ ń lò, tàbí ìtàn oyè ìlú kékeré kan tí kò sí nínú ìwé òpìtàn kankan. Nínú jọ́nà wo ni ẹ ti máa rí i? Síbẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí aláró Òṣogbo lónìí á rí àpilẹ̀kọ tí ẹnì kan kọ ní Amẹ́ríkà láàárín ìṣẹ́jú kan lórí fóònù rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ka tirẹ̀ gan-an ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Á bi àwọn aláró ní ìbéèrè kan náà. Ó ti sú àwọn aláró. Ìmọ̀ wa kò sì kúrò lójú kan.

Ẹnì kan lè sọ pé iṣẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì gbó tó ohun tí à ń tọ́ka sí. Bí ọmọ bá fẹ́ fìdí tíọ́rì múlẹ̀, mo gbà, kó lọ bá àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí a gbọ́ tí a sì kọ sílẹ̀ ní ìlú kan ní ọdún kan ni, ẹlẹ́rìí ni pírójẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹlẹ́rìí a sì máa wúlò. Ẹlòmíràn lè sọ pé bí a bá gbé wọn síta, àwọn ọmọ á máa dà wọ́n kọ. Ẹ̀yin àgbà, wọ́n ti ń dà wọ́n kọ. Àwọn tó ń ta pírójẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì ti ní àkójọ tiwọn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń tà á fún ẹni tó bá lówó. Fásitì tó ni iṣẹ́ náà ni kò ní àkójọ tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó wà lójú gbogbo ayé ló ṣòro láti jí.

Kò gba owó gọbọi. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DSpace ti wà láti 2002, ọ̀fẹ́ ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ fásitì káàkiri àgbáyé fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Àwọn fásitì kan nílé níbí ti ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀, mo kí wọn, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀mọ̀wé ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ tó ń gboyè àkọ́kọ́ kì í sábà débẹ̀. Bí owó kò bá tiẹ̀ sí rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀: orúkọ ọmọ, àkọlé, ọdún, alábòójútó, àti ìlú tí ó ti ṣe ìwádìí. Kí àkọsílẹ̀ náà wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹ̀ka gba ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ti páálí, ó ti tó.

Bí a ṣe ń wá ìwé pàápàá, a kò kọ́ wọn. A máa ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé láíbírì fún wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, a kì í tún padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ nípa AJOL rí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà báyìí, tó kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ, tí ti Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Wọn kò mọ DOAJ, tó ń tọ́ka sí kìkì jọ́nà ọ̀fẹ́. Wọ́n mọ Google Scholar, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé lábẹ́ àkọlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè rí gbogbo àwọn tó ti tọ́ka sí iṣẹ́ náà láti ìgbà tó ti jáde, èyí tó jẹ́ ọ̀nà tó yá jù láti ti ọ̀dọ̀ Babalọlá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé lánàá. Ètò Research4Life, tó ń ṣí jọ́nà olówó ńlá fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá a ṣe. Ẹ bi láíbírì yín bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ mọ̀.

Orúkọ wa náà ń dí wọn lọ́wọ́. Babalọlá tó kọ̀wé ìjálá ń jẹ́ S. A. níbì kan, ó ń jẹ́ Adébóyè níbòmíràn. Mo ti rí ọmọ tó kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹni méjì tí ohùn wọn ṣọ̀kan. Òpìtàn J. F. Adé Àjàyí wà lábẹ́ orúkọ méjì nínú àwọn ìwé ìtọ́kasí kan. Àmì ohùn tún ń kó bá wa: bí ọmọ bá tẹ àkọlé pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, àwọn ẹ̀rọ kan kò ní mú ohun tí wọ́n kọ láìsí àmì wá. Ó yẹ kó wá a pẹ̀lú àmì, kó wá a láìsí àmì, kó sì wá a ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí méjì péré ni ẹ̀kọ́ gbogbo èyí máa gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àṣekágbá. Àwa òṣìṣẹ́ láíbírì ti ṣe tán. Ẹ fún wa ní wákàtí náà.

Láti ìparí 2022 ni ewu mìíràn ti dé. Àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, irú ChatGPT, máa ń kọ ìtọ́kasí tó rẹwà tí kò sì sí láyé. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tò. Ó lè mú orúkọ Awóbùlúyì, kó fi ọdún kan sí i, kó hun àkọlé tó jọ tirẹ̀, kó sì so ó mọ́ jọ́nà tó wà ní tòótọ́, pẹ̀lú nọ́ḿbà ojú ewé. Ní 2023, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn agbẹjọ́rò san owó ìtanràn 5,000 dọ́là nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ yìí ṣẹ̀dá wá síwájú rẹ̀. Agbẹjọ́rò nìyẹn o. Àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ìjọra wò kò lè gbà wá lọ́wọ́ èyí, nítorí ìtọ́kasí tí kò sí láyé kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì ní kí ọmọ mú ogójì ìtọ́kasí wá, nígbà tí ìwé tó lè dé ọwọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, àwa la rán an lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ yọ iye kúrò nínú ohun tí a ń fún ní máàkì. Kí alábòójútó mú ìtọ́kasí mẹ́ta fúnra rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ, kí ọmọ ṣí wọn lójú rẹ̀, kó ka ojú ewé tó tọ́ka sí, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíràn ló ti rí ọ̀rọ̀ Johnson, kó sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Ọ̀nà wà tí a ń gbà kọ ọ́.

Ó ku àwọn àgbà tí kò kọ̀wé. Ìlànà ìtọ́kasí APA, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wa ń tẹ̀ lé, tí ẹ̀dà keje rẹ̀ jáde ní 2019, ka ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹni mọ́ ìbánisọ̀rọ̀ lásán: wọ́n á dárúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, kò ní sí nínú ìwé ìtọ́kasí lẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ka Ifá nínú ìwé á wà nínú ìwé ìtọ́kasí, babaláwo tó ki Ifá náà fún ọmọ kò ní sí níbẹ̀. Èyí kò bá ìwà wa mu. Onífá kì í kifá, oníjàálá kì í sun ìjálá, láìkọ́kọ́ júbà ẹni tó kọ́ ọ. Ìtọ́kasí ni ìbà yẹn, ó sì ti wà kí APA tó dé. Àwọn ẹlòmíràn náà ti rí ìṣòro yìí. Ní Kánádà, Lorisia MacLeod, òṣìṣẹ́ láíbírì tó jẹ́ ọmọ ìran Cree, gbé ìlànà kan jáde ní 2021 tó fún àwọn àgbà onímọ̀ ìran ìbílẹ̀ ní àyè nínú ìwé ìtọ́kasí bíi ti òǹkọ̀wé: orúkọ wọn, ìran wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, àti ohun tí wọ́n kọ́ni. Kò sí ohun tó ní kí Sẹ́nétì wa má ṣe tiwa. Orúkọ àgbà, oyè tàbí iṣẹ́ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá a sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ lé lórí, àti ìyọ̀ǹda rẹ̀ pé kí a dárúkọ òun. Bí àgbà bá ní kí a má dárúkọ òun, ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí sáà tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á tún ìwé ìlànà pírójẹ́ẹ̀tì tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò bá dé iwájú Sẹ́nétì kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ìwé ìlànà ti àná náà ni wọ́n máa tún tẹ̀, òfin ọdún márùn-ún á sì tún wà ní ojú ewé rẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi í sí ètò ìpàdé tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ láíbírì wá ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á wá, a ó sì kó díẹ̀ nínú àwọn pírójẹ́ẹ̀tì náà dání kí ẹ lè fojú ara yín kà wọ́n.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Òṣìṣẹ́ láíbírì fásitì kan ní ilẹ̀ Yorùbá